Pípadà sí Ibi Iṣẹ́ Àkọ́kọ́

Nínú gbogbo ìrìn tí ọmọ ènìyàn ń rìn láyé, ìrìn àpadàbọ̀ ni ó máa ń wúwo lẹ́sẹ̀ jù lọ. Ẹni tí ó ń lọ, tìlù-tìfọn ni a fi ń sìn ín. Àwọn òbí a súre fún un, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a bá a gbé ẹrù dé ìdíkọ̀, gbogbo ilé a sì máa retí ìròyìn ayọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń padà sí ibi tí ó ti kúrò kì í sábà rí onílù. Ìbéèrè ni ó ń pàdé lójú ọ̀nà. Ṣé ibẹ̀ kò gbà á ni? Ṣé ó jẹ gbèsè ni, àbí wọ́n lé e? Nítorí irú ìbéèrè báyìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó yàn láti máa jìyà ní ibi tí a kò ti mọ̀ ọ́n, dípò kí a rí i ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tí ó ti kọ́kọ́ gba owó oṣù. Síbẹ̀ àwọn àgbà kò ka gbogbo àpadàbọ̀ sí ìtìjú. Wọ́n ní àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá.

Bí a bá wo àárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ Yorùbá, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, télọ̀ tàbí káfíńtà kì í ṣàdédé kó irin-iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ tí ó bá rò pé òun ti mọ iṣẹ́. Ọjọ́ kan wà tí ọ̀gá yóò dá a sílẹ̀ ní gbangba. Àwọn òbí ọmọ náà yóò wá, obì àti ọtí yóò wà nílẹ̀, ọ̀gá yóò gbàdúrà lé e lórí, yóò sì sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé ọmọ náà ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí kí ọmọ náà lè lọ ni a ṣe ń ṣe ayẹyẹ yìí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. A ń ṣe é pẹ̀lú kí ó lè padà wá. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kan bá ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí tí iná bá jó ìsọ̀ rẹ̀, yóò lè tọ ọ̀nà tí ó gbà lọ padà sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láìfi ojú pamọ́. Ẹni tí ó sá lọ lóru kò ní irú ibi bẹ́ẹ̀ láti padà sí.

Bí ó ti rí ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ayé òde òní, pàápàá ní ilé-iṣẹ́ ìdámọ̀ràn. Ilé-iṣẹ́ ìdámọ̀ràn kì í ta aṣọ, kì í ta epo, bẹ́ẹ̀ ni kì í tún mọ́tò ṣe. Ìmọ̀ràn ni ọjà rẹ̀. Bí ilé ìfowópamọ́ kan bá ń pàdánù owó, tí àwọn olórí rẹ̀ kò sì mọ ihò tí owó náà ń gbà jáde, tàbí bí ìjọba kan bá fẹ́ mọ bí yóò ti ṣètò iná mànàmáná fún ìlú, wọ́n a ránṣẹ́ pe àwọn olùdámọ̀ràn wọ̀nyí, nítorí pé abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà yóò kó ìwé ìṣírò jọ, wọn yóò wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́, wọn yóò fi èrè ọdún yìí wé ti èṣí, lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà wọn yóò sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí òkìkí wọn kàn jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni McKinsey. James O. McKinsey, olùkọ́ ìṣírò owó ní Yunifásítì ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1926.

Àṣà kan wà nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó lè ya ènìyàn lẹ́nu. Wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ pẹ́ jù lórí ìjókòó kan náà; bí kò bá gòkè láàárín ọdún díẹ̀, wọn yóò sọ fún un pé kí ó wá ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó bá wọ ibẹ̀ ni kì í pẹ́ kí wọn tó jáde. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kì í ka ẹni tí ó jáde sí ọ̀tá. Ó ń pa orúkọ wọn mọ́ sínú ìwé, ó ń pè wọ́n sí àpèjọ, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó jáde lónìí lè di olórí ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́la, kí ó sì padà wá ra ìmọ̀ràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni náà fúnra rẹ̀ ni ó ń padà wá ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni Tidjane Thiam, ọmọ orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ìlú Abidjan ni a ti bí i ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1962. Abidjan kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí Yorùbá, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò àti ti àwọn ìlú mìíràn ti ń ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n ń bímọ níbẹ̀, tí èdè Faransé sì ti yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje ni Thiam í ṣe. Akọ̀ròyìn tí ó ti ilẹ̀ Senegal wá ni Amadou Thiam, bàbá rẹ̀; ó di mínísítà, ó sì tún jẹ́ aṣojú ìjọba ní ilẹ̀ Morocco. Ìbátan Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà, ni ìyá rẹ̀. Ìyá yìí kò kàwé, ṣùgbọ́n ó ti fi í sí ọkàn rẹ̀ pé kò sí èyí tí kò ní kàwé nínú àwọn ọmọ òun.

Kò sì jẹ àsè òfo. Ní ọdún 1982, Thiam ni ọmọ Côte d'Ivoire àkọ́kọ́ tí ó yege nínú ìdánwò àtiwọ École Polytechnique, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn ọmọ Faransé pàápàá ń bẹ̀rù ìdánwò rẹ̀. Ó parí níbẹ̀ ní ọdún 1984, ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakùsà ní Paris, níbi tí ó ti gba ipò kìíní ní ọdún 1986. Ní ọdún yìí kan náà ni ó wọ iṣẹ́ ní McKinsey, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Iṣẹ́ náà gbé e dé Paris, Lọ́ńdọ̀n àti New York. Àwọn ilé ìfowópamọ́ àti àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ó ń dá ní ìmọ̀ràn jù. Ní ọdún 1989 ó gba àyè ọdún kan láti lọ kọ́ṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé ní Washington, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni ó lò kí ìpè kan tó dé láti ilé.

Ìpè náà kì í ṣe ti àwàdà. Houphouët-Boigny ti kú ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1993, lẹ́yìn tí ó ti ṣàkóso ilẹ̀ náà láti ìgbà tí ó ti gba òmìnira ní ọdún 1960. Henri Konan Bédié ni ó rọ́pò rẹ̀. Kò tí ì tó oṣù méjì tí wọ́n fi dín iye owó CFA kù sí ìdajì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994: franc Faransé kan tí wọ́n ti ń fi 50 CFA gbà tẹ́lẹ̀ di 100 CFA. Òògùn, ẹ̀rọ àti gbogbo ohun tí ó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí lójijì. Ní irú àkókò yìí ni Bédié ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà láti wá di olórí BNETD, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣètò iṣẹ́ títì, afárá, omi àti iná mànàmáná. Thiam ní iṣẹ́ tí ó dára lọ́wọ́ ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹni bá ń jó, a kì í fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó fi McKinsey sílẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ohun púpọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọdún márùn-ún tí ó tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Azito lẹ́bàá Abidjan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1999. Wọ́n gbèrò afárá kẹta fún ìlú Abidjan, kí àwọn ènìyàn tí ó ń gbé ní apá Riviera lè ré odò ọ̀sà kọjá sí Marcory láìpẹ́. Ní ọdún 1998, Thiam di mínísítà ètò àti ìdàgbàsókè. Lójú ẹni tí ó bá ń wò láti òde, ọ̀nà rẹ̀ là gbọọrọ.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 1999, àwọn ológun gba ìjọba. Thiam kò sí nílé ní ọjọ́ náà. Òkè òkun ni ó wà. Ì bá jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà sílé, wọ́n sì sé e mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn èyí, Ọ̀gágun Robert Guéï, tí ó ti di olórí ìjọba, fi ipò olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ̀ ọ́. Thiam kọ̀ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ó kúrò ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Afárá tí wọ́n gbèrò náà dúró sí inú ìwé. Ọdún 2014 ni wọ́n tó ṣí i, orúkọ Bédié ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Níbo ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára ipò mínísítà lè gbà? Thiam padà sí McKinsey ní Paris. Ẹni tí ó bá ti jẹ́ aláṣẹ rí ni ó lè mọ ohun tí ó wà nínú irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀. Lánàá, awakọ̀ ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un, àwọn ènìyàn a dìde bí ó bá wọlé; lónìí, ó di dandan kí ó fúnra rẹ̀ gbé àpò ìwé rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè ti lọ jìnnà; àwọn tí ó fi sílẹ̀ ní ọmọdé lè ti di ọ̀gá. Ẹni tí ó bá jẹ́ agbéraga yóò yí padà ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ní ọgbọ́n yóò wọlé, yóò kí gbogbo ènìyàn, yóò sì jókòó ti iṣẹ́.

Bí a bá ro ìtàn yìí dáadáa, ohun mẹ́ta ni a lè rí fà yọ nínú rẹ̀. Èkíní ni pé kò sí ìjà lórí ìlọ rẹ̀. Kò torí owó tí ó ju owó lọ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ìlú rẹ̀ ni ó pè é, ó sì lọ. Èkejì ni pé àwọn ọdún tí ó lò ní ẹ̀yìn odi iṣẹ́ náà kò ṣòfò. Ó ti rí bí ìjọba ti ń rí láti inú, bí a ti ń bá àwọn báńkì ṣe àdéhùn lórí iṣẹ́ ńlá, àti bí a ti ń darí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, kò padà sí ìjókòó ọmọ-iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn alájọni ni ó padà jẹ́, èyíinì ni àwọn tí ó jọ ni ilé-iṣẹ́ náà tí wọ́n sì jọ ń pín èrè rẹ̀; ó sì wà lára àwọn tí ó ń darí ẹ̀ka tí ó ń gba àwọn ilé ìfowópamọ́ àti adójútòfò ní ìmọ̀ràn. Àgbò náà ti mú agbára bọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Ibi tí a ti mọ iṣẹ́ ẹni ni a ti máa ń fi iṣẹ́ wọn ẹni, dípò kí a fi àwọ̀ ara wọn ẹni. Nínú ìwé kan tí Thiam kọ ní ọdún 2009, ó ṣàlàyé pé òun kò rí ìgòkè tí ó yẹ òun ní ilẹ̀ Faransé, nítorí ìdíwọ́ kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ṣùgbọ́n tí òun ń kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé dé góńgó ẹ̀kọ́, tí àwọn kan sì tún ń fi ojú àjèjì wò ó, yóò mọ iyì ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọn kì í ti bi í pé ta ni ọ́. Orúkọ rere tí ó ti fi sílẹ̀ ní ọdún 1994 ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà dè é ní ọdún 2000.

Ṣùgbọ́n kò sọ ibi ìsinmi di ibùgbé. Ọdún méjì péré ni ó lò. Ní ọdún 2002 ó kọjá sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò Aviva ní Lọ́ńdọ̀n. Ní ọdún 2008 ó dé Prudential gẹ́gẹ́ bí olórí ètò owó, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ó di olórí ilé-iṣẹ́ náà pátápátá. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó darí ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ 100 tí ó tóbi jù lọ ní ọjà ìdókòwò Lọ́ńdọ̀n. Láti ọdún 2015 dé 2020 ni ó fi jẹ́ olórí báńkì Credit Suisse ní ilẹ̀ Switzerland. Bí ó bá jẹ́ pé ìtìjú ni ó jẹ́ kí ó yẹra fún ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ní ọdún 2000, ta ni ó mọ̀ bóyá ọ̀nà wọ̀nyí ìbá là?

Kì í ṣe gbogbo ìpadàbọ̀ ni ó jẹ́ ti ẹni tí ó ń wá ibi forí pamọ́ sí. Nígbà mìíràn, ilé náà ni ó ń wá ọmọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Mitt Romney wọ iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ní Bain and Company ní ọdún 1977. Ó kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1984 láti darí ilé-iṣẹ́ ìdókòwò tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, tí à ń pè ní Bain Capital. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1991, gbèsè ti fẹ́ gbé Bain and Company mì. Romney ni wọ́n pè padà. Ó bá àwọn báńkì tí ó yá wọn lówó sọ̀rọ̀, ó bá àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì rọ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọn má ṣe túká. Nígbà tí ọdún 1992 ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ tirẹ̀. Onílé kan ń padà wá jẹun. Onílé kejì ń padà wá dáná. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà.

Síbẹ̀ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tan ara rẹ̀ jẹ. Gbogbo ilẹ̀kùn kọ́ ni ó rọrùn láti ṣí bí ti ibi iṣẹ́. Ní ọdún 2022, lẹ́yìn ọdún 22, Thiam padà sí Côte d'Ivoire, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ó sì di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tí Houphouët-Boigny dá sílẹ̀. Ó fẹ́ du ipò ààrẹ nínú ìdìbò ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ilé-ẹjọ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn olùdìbò. Ìdí tí ilé-ẹjọ́ sọ ni pé ó ti di ọmọ ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1987, kété lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti pé lábẹ́ òfin ilẹ̀ rẹ̀, ìgbésẹ̀ yẹn ti mú kí ó pàdánù jíjẹ́ ọmọ ìlú. Ó ti kọ ti Faransé sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó délé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti àjèjì ti gbà á padà láìjanpata. Ilé bàbá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́. Èyí fi hàn pé ohun tí ọmọ ọdún 24 fi ọwọ́ sí ní ìrọ̀rùn lè jókòó de àgbàlagbà ẹni ọdún 62 lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú gbogbo èyí kò ṣòro fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti mú lò. Láìpẹ́ jọjọ, ẹni tí ó ń kàwé lónìí yóò gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, ó lè jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oníwèé, ó lè jẹ́ ní báńkì. Iṣẹ́ náà lè kéré, owó rẹ̀ sì lè má tó nǹkan. Ọjọ́ kan yóò sì dé tí ìpè mìíràn yóò dún, tí ó sì yẹ kí ó lọ. Kí ó lọ, nítorí a kì í torí pé a mọ ọ̀nà ilé kí a má dé oko. Ṣùgbọ́n kí ó ka owó tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó ni í, kí ó fi ìwé iṣẹ́ sí ipò rẹ̀, kí ó kọ́ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì dágbére fún ọ̀gá àti olùṣọ́nà. Ìdágbére rere kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Bí ayé bá sì yí padà lójijì, bí ó ti yí padà fún àwọn ará Abidjan ní ọjọ́ ọdún Kérésìmesì kù ọ̀la, òun ni owó tí a ti fi pamọ́ tí olè kò lè jí, tí ìjọba kankan kò sì lè dín iye rẹ̀ kù.